Kíréènì Tó Dí Ẹnu Géètì Wa

Ìró tó kọ́kọ́ dún kò tilẹ̀ pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ ìkarahun ìgbín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀ mí kanlẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kíréènì náà lápá ọ̀tún wọlẹ̀ lọ lójú mi kòrókòró, tí gbogbo ọkọ̀ ńlá náà sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ó fi lọ fara ti òpó géètì bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé báyìí kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí èmi gan-an ni mo dúró níwájú rẹ̀, tí mo ń fọwọ́ pè é pé kó máa bọ̀.

Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní iléeṣẹ́ kan ní Àgídìngbì, iléeṣẹ́ tó ń fi ike ṣe korobá, bàsíà àti àgé àlùwàlá. Ayé sọ́jà ni, ayé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, nígbà tí náírà ń yọ́ bí ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, tí àwọn iléeṣẹ́ sì ń ti ilẹ̀kùn pa lọ́tùn-ún lósì láti Ọ̀rẹ́gùn títí dé Agége. Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́ lásìkò yẹn, ńṣe ló ń dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Èmi níṣẹ́, mo sì mọ̀ pé mo níṣẹ́. Èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà ìyá mi àti àwọn àbúrò mi méjì nínú yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé ní Agége. Bàtà gogoro ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tí eruku ike kún bámúbámú, mo sì máa ń rìn bí ẹni pé bàbá mi ló kọ́ iléeṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin péré ni mo tíì lò níbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò ní àkísà kankan rárá lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Aṣọ nìkan ni mo ní.

Iná mànàmáná ni ìṣòro wa. Wọ́n lè mú un wá láàárọ̀ kí wọ́n sì mú un lọ kí ike tó gbóná tán nínú ẹ̀rọ. Ike náà á dì pa síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa fi irin họ ọ́ kúrò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wa àtijọ́ kú, ọ̀gá pátápátá ra àlòkù kan lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó kógbá wọlé. Mánéjà wa wá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n tó ọgọ́rin, pé kí wọ́n lọ jókòó sílé ná. Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá wọlé niṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bá sì ṣiṣẹ́ kò ní gbowó.

Jẹnẹrétọ̀ náà tó yàrá kan. Tírélà ló gbé e wá, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì níwájú iléeṣẹ́. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kíréènì, ọkọ̀ alápá gígùn tí wọ́n fi ń gbé ẹrù wúwo, yóò kọ́kọ́ wọ inú àgbàlá, yóò wá na apá rẹ̀ kọjá orí ògiri, yóò sì gbé jẹnẹrétọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni kíréènì dé, nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Mẹ́gàádì tó máa ń darí ọkọ̀ wọlé ti lọ sí mọ́sálásí. Mánéjà, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó jẹ́ pé ó máa ń bínú kó tó mọ ohun tó ń bí òun nínú, wà lórí fóònù nínú ọ́fíìsì. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Sìsí, lọ ṣí géètì fún wọn!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń gba kíréènì lálejò.

Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ló wà á wá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Sìsí, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí kòtò lábẹ́ ibí? Kò sí ṣáláńgá? Kò sí kànga?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bàbá. Ilẹ̀ líle ni. Ẹ máa bọ̀."

N ò mọ̀ bóyá ó wà, n ò mọ̀ bóyá kò sí. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí, èmi náà ò sì béèrè rí. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni mí, ó sì dà bí ẹni pé bí mo bá ní "n ò mọ̀", bàtà gogoro yẹn á ṣẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Bàbá wò mí díẹ̀, ó gbójú sókè wo oòrùn, ó gun ọkọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò méjì ni wá lọ́jọ́ náà, ọ̀kan ń júwe ọ̀nà fún èkejì.

Nígbà tí ọkọ̀ náà rì tán, Bàbá gbìyànjú kó wà á síwájú. Táyà ń yí lásán, ẹrẹ̀ dúdú ń fọ́n sókè, ó sì pa iná ọkọ̀. Mánéjà ti sáré jáde.

"Kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ fún un níná!"

"Ọ̀gá, bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, á tún wọlẹ̀ sí i ni."

"Mo ní kẹ́ ẹ fún un níná! Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá ri ọkọ̀ síbí ni?"

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà wọlẹ̀ títí ilẹ̀ fi gbé táyà náà mì kọjá ìdajì. Mánéjà wo táyà, ó wo Bàbá, bí ẹni pé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè já òun nírọ́. Géètì ti dí pátápátá. Ọkọ̀ kò lè wọlé, ọkọ̀ kò lè jáde, àwa ènìyàn pàápàá ń gba àlàfo tóóró kan kọjá láàárín irin àti ògiri.

Mẹ́gàádì dé láti mọ́sálásí, ó ká ọwọ́ lérí. "Ta ló ní kó gba apá ọ̀tún? Gbogbo tírélà tó ń wọbí, apá òsì ni mo máa ń ní kí wọ́n gbà. Ẹni tó fiṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kò sọ ìdí ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, kò tilẹ̀ wò mí.

"Èmi ni mo wà á," ló sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́máànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́, kó bíi mẹ́wàá nínú wọn jọ pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọ́n ní ẹrẹ̀ lásán ni, wọ́n á gbẹ́ ẹ kúrò, wọ́n á to pákó, wọ́n á gbé jáàkì lé e, ọkọ̀ á dìde. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ni omi ń sun. Pákó tí wọ́n tò sílẹ̀ wọlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ki ṣíbí bọ ògì gbígbóná. Jáàkì méjì ló bá pákó lọ, a ò sì rí wọn mọ́ láyé.

Èmi wà nínú ọ́fíìsì lásìkò yẹn. Ohun tí mẹ́gàádì sọ lánàá ń jẹ mí lọ́kàn, mo bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí a ń kó fáìlì sí. Lábẹ́ pátápátá ni mo ti rí ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ náà. Ìwé náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ìka tọ ọ̀nà láti ẹnu géètì wọlé. Lápá ọ̀tún, wọ́n fa àmì róbótó kékeré kan síbẹ̀, wọ́n sì fi gègé kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kànga àtijọ́ ni.

Abẹ́ àkóso mi ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wà. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà láti oṣù mẹ́rin. Mo gbọ́ bí fọ́máànù ṣe ń pariwo níta pé kí wọ́n tún gbẹ́ ẹ sí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín èmi àti wọn. Mo ká ìwé náà ní kíká mẹ́rin, mo tì í sínú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò, mo sì tilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á yọ ọkọ̀ náà kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Kò tán. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mánéjà lọ bẹ àwọn tó ń ṣe títì lẹ́yìn wa, wọ́n yá a ní katapílà kan. Wọ́n so ṣéènì mọ́ kíréènì, katapílà dúró lójú títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kíréènì mira, gbogbo wa pariwo ayọ̀, àfi gbàú! Ṣéènì já. Ó fò kọjá lórí wa bí ejò tó ń fò, ó sì fọ́ fèrèsé ọ́fíìsì mi yángáyángá. Ká ní mo jókòó sórí àga mi ni, ẹlòmíràn ni ì bá máa sọ ìtàn yìí. Mánéjà dúró láàárín ìgò fífọ́, ó ń pariwo mọ́ ẹni tó wa katapílà, ẹni náà ń pariwo mọ́ ọn. Bàbá nìkan ló lọ yẹ táyà wò. Ó padà wá, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán o. Nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀." Mánéjà ní kó gbé ẹnu ẹ̀ dákẹ́, pé bí òun bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun mọ ẹni tí òun máa bi.

Ó mọ̀ lóòótọ́, ìdílé tó ta ilẹ̀ fún iléeṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò bi wọ́n.

Òjò rọ̀ ní Túsìdeè, ó rọ̀ ní Wẹ́sìdeè. Kòtò náà kún fọ́fọ́. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá dúró sójú títì, lábẹ́ agboòrùn àti ọ̀rá, láti wo bóyá nǹkan ti yí padà. Obìnrin kan wà láàárín wọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ àgé. Òun ló kọ́kọ́ bá mi ṣe ọ̀rẹ́ nígbà tí mo dé iléeṣẹ́ náà. Òun ló sọ fún mi ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì tó dáa jù, àti ọ̀gá tí wọn kì í rẹ́rìn-ín sí. Ọmọ rẹ̀ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọ̀rá bo ọmọ náà lórí.

"Sìsí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n ń sọ? Ó ku ọjọ́ mélòó?"

"Kò ní pẹ́," ni mo dá a lóhùn. Ìdáhùn tí mò ń fún gbogbo ènìyàn nìyẹn nígbà yẹn. Mo tún ti ń yára dáhùn.

Ní Tọ́sìdeè ni Alàájì tó ni kíréènì dé láti Agége. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fọwọ́ kan ibi tí apá rẹ̀ ti fara gbún òpó géètì. Ó ní ọkọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí òun ní láyé, pé ẹ̀yà ara ẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́ látìgbà tí Sáàpù ti dé, pé Bàbá ti mutí ni. Bàbá, tí kò fẹnu kan ọtí rí, tó máa ń kírun rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rírì yẹn lójoojúmọ́, tó sì ń sun orí bẹ́ńṣì mẹ́gàádì kí wọ́n má baà tú irin ọkọ̀ náà lọ, kò sọ nǹkan kan. Alàájì ní tó bá di Mọ́ńdè tí ọkọ̀ kò bá tíì jáde, òun á mú ẹni tó máa bi Bàbá ní ìbéèrè dáadáa wá.

Mo ní lọ́kàn mi pé mo máa sọ̀rọ̀ ní Fúráídè. Fúráídè dé, dísẹ́ẹ̀lì kò sí níbì kankan, iṣẹ́ kankan ò ṣe é ṣe, gbogbo ènìyàn kanra débi pé bí o bá kí wọn, ìjà ni. N ò sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé, wọ́n mú ọ̀gá kan wá tí wọ́n ní kò sí ọkọ̀ tó rì tí kò lè yọ. Ó kó okùn onírin dání, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí tí okùn á fi máa ká. Ó wo yíká, ó yan igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì, ó ní igi náà ni òpó òun. Ó ní ká sún sẹ́yìn, ká wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn. Wọ́n yí ẹ̀rọ, wọ́n yí i, okùn le bí irin gbọọrọ, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, a na ọrùn wo kíréènì, kíréènì ò mira. Igi máńgòrò ló hú. Ó hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó sì dùbúlẹ̀ sójú títì. Dípò kí kíréènì lọ bá igi, igi ló ń bọ̀ wá bá kíréènì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò, mánéjà sì ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Igi máńgòrò tún wá di iṣẹ́ míì, ọjọ́ kan gbáko la fi gé e kúrò lójú ọ̀nà.

Bí Mọ́ńdè ṣe mọ́, Alàájì dé pẹ̀lú sọ́jà kan tó fi kòbókò sábẹ́ abíyá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kò sì fẹ́ mọ̀. Ó tọ́ka sí ẹ̀yìn jíìpù rẹ̀.

"Bàbá, ó yá, wọlé. Ẹ máa bá wa dé bárékè, ẹ máa ṣàlàyé ara yín níbẹ̀."

Bàbá bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síbi jíìpù náà bí ẹni tó ń lọ wọkọ̀ Agége. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ gbéra, mo sáré wọ ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo jáde, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè sínú jíìpù.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni."

Ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Àfi ìgbà tí mo pariwo rẹ̀ kí wọ́n tó yíjú.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n máa bọ̀! Wọ́n bi mí bóyá kànga wà níbẹ̀, mo ní kò sí. Ìwé ilẹ̀ rèé. Ó wà níbẹ̀."

Mánéjà gba ìwé náà. Ó kà á, ó yí i, ó tún kà á.

"Ìgbà wo ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Láti ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ rì, sà."

Ariwo tí mo ti ń retí ò wá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Sọ́jà náà wo èmi, ó wo Bàbá, ó wo Alàájì, ó ní, "Ta wá ni kí n gbé báyìí? Bàbá ni àbí Sìsí?" Sọ́jà pòṣé, ó wọ jíìpù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mánéjà tó rán fọ́máànù sí ìdílé àwọn onílẹ̀ tó ta ilẹ̀ náà. Kò pẹ́ rárá tí ó fi padà dé pẹ̀lú ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Ìyá náà yọjú sínú kòtò, ó mi orí.

"Kànga ìyá ọkọ mi rèé. Ẹ̀yin lẹ da kọnkéré dé e lórí, ẹ ò sì bi wá. Ọjọ́ mélòó lẹ ti wà nídìí ẹ̀?"

"Ọjọ́ kọkànlá rèé, Màmá," fọ́máànù ló dáhùn.

"Ọjọ́ kọkànlá! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ilé yìí náà ni ilé wa wà." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka. "Ẹ má gbẹ́ ẹ mọ́. Ta ló ń gbẹ́ kànga kí omi ó tán? Ẹ dí i ni. Apá títì tẹ́ ẹ sì ń fà á sí yẹn, àbàtà ni. Ibẹ̀ la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Apá ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì yín lọ́hùn-ún ni yangí wà, ibẹ̀ ló le. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà á sí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ń dúró de lọ́rì tó lọ kó òkúta àti yangí. Mo lọ bá Bàbá níbi tó jókòó sí, mo kúnlẹ̀. Mo ní kó forí jì mí. Mo ní n ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́, pé ó bò mí láṣìírí fún odidi ọjọ́ mẹ́wàá, ó fẹ́ẹ̀ tìtorí mi lọ sí bárékè.

"Dìde," ó ní. "Má fi ẹ̀wù ẹ nu ilẹ̀. N ò bò ẹ́ láṣìírí kankan. Ara mi ni mò ń bò."

Kò yé mi. Ó fi ìka họ irùngbọ̀n rẹ̀.

"O yára dáhùn jù. Ẹni tó mọ ilẹ̀ máa ń wo ilẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ojú mi ni ìwọ ń wò. Mo ti mọ̀ pé o ò mọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wa nǹkan yìí, n kì í wọ àgbàlá tí n ò tíì fi irin gún ilẹ̀ ẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n oòrùn ti yẹ̀, mò ń sáré kí Jímọ́ọ̀ má fò mí. Mo ní kí n tètè gbé e wọlé, kí n sáré lọ. Jímọ́ọ̀ náà sì fò mí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dùn. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún Alàájì? Pé ọmọdé kan ló ní kí n máa bọ̀? Ó máa bi mí pé ojú mi ńkọ́."

Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, irọ́ ni. Mo ti múra láti jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ tí àgbàlagbà rere kan dárí jì. Ó gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà.

Lọ́rì mẹ́ta yangí àti òkúta ló wọ kànga náà. Bàbá ló ń darí gbogbo rẹ̀ báyìí, mánéjà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí igi bá wó lu igi, tòkè ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé. Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ irin wúwo tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ tó rì díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa ki òkúta sábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ní ọ̀sán Túsìdeè, ọjọ́ kejìlá, katapílà yẹn kan náà gba ẹ̀yìn iléeṣẹ́ wọlé lẹ́yìn tí wọ́n wó ògiri díẹ̀, ó dúró lápá ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kíréènì jáde bí ẹni dìde lórí ibùsùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Bàbá gun orí rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó ní kí apá rẹ̀ gòkè. Apá gòkè díẹ̀, ó ké, ó sì dúró. Ó ti tẹ̀ níbi tó fara gbún òpó géètì. Kò lè gbé korobá kan, ká má tíì sọ jẹnẹrétọ̀.

N ò gbàgbé bí gbogbo wa ṣe dúró tí à ń wò ó. Ọjọ́ méjìlá. Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó onílẹ̀ yẹn, tó ti gbé àpótí wá síbẹ̀ láti wòran, bi wá pé ṣé kẹ̀kẹ́ ò sí lábẹ́ jẹnẹrétọ̀ náà ni, pé kí ló dé tí a ò lè tì í. Fọ́máànù wo mánéjà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi àjẹkù yangí mọ òkè pẹlẹbẹ kan dé ìdí tírélà, wọ́n to páìpù onírin sórí rẹ̀ kó máa yí bíi kẹ̀kẹ́, ọgọ́rin ènìyàn sì di okùn mú. Wọ́n rọra sọ jẹnẹrétọ̀ náà kalẹ̀, wọ́n tì í gba ẹnu géètì wọlé, wọ́n gbé e ka pèpéle. Ìdajì ọjọ́ ni gbogbo rẹ̀ gbà. Wọn ì bá ti ṣe é ní Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ láìsí kíréènì kankan.

Ojú títì ni mo ti wò ó. Mánéjà ti fún mi níwèé ní ìrọ̀lẹ́ àná pé kí n má padà wá mọ́. Ẹrù mi tó wà nínú dúróà ni mo wá kó. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ àgé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, epo okùn lọ́wọ́. Mo pè é. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọjọ́ méjìlá, Sìsí," ó ní. Ó sì wọlé lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà ò lò tó ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn kó tó ti ilẹ̀kùn bíi ti àwọn yòókù. Mo gbọ́ pé Alàájì tú kíréènì náà tà lẹ́yọ-lẹ́yọ, pé Bàbá sì padà sí ìlú rẹ̀ lọ dáko. N ò rí i mọ́. Èmi lo ọdún kan gbáko nílé kí n tó tún ríṣẹ́, ìyá mi ò sì bi mí rí pé kí ló lé mi kúrò ní ti àkọ́kọ́. Mo sọ fún un pé Sáàpù ni. Gbogbo ènìyàn ni Sáàpù ń lé nígbà yẹn, ó rọrùn láti gbàgbọ́.

Ìtàn kíréènì yìí, mo ti sọ ọ́ kiri. Mo ti sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi títí wọ́n fi mọ ọ́n lórí. Ṣéènì tó fò kọjá lórí wa, igi máńgòrò tó hú, fìlà mánéjà nínú ẹrẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Nínú èyí tí mo máa ń sọ, ẹrẹ̀ lásán ló gbé kíréènì mì, ìyá àgbà sì ṣàdédé kọjá, ó rántí pé kànga wà níbẹ̀. Ìwé tí mo ká ní kíká mẹ́rin yẹn, mo máa ń fò ó. Inú máa ń bí mi sí ara mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ tí mo sì tún fò ó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ á ti máa rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín lọ.

Ọkọ mi ti gbọ́ ìtàn náà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun náà á ka ti ìwé yẹn níhìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́.